Ilé Irin àti Ilé Amọ̀: Iṣẹ́ Jean Prouvé ní Niamey, ní Brazzaville àti ní Nancy

Ọ̀nà ńlá tí ó la Tchaourou kọjá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e sí gúúsù yóò gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá títí yóò fi dé etí òkun ní Kútọnu. Ẹni tí ó bá kọ ojú sí àríwá yóò dé Parakou, yóò dé Malanville, yóò sọdá odò Ọya, yóò sì wọ orílẹ̀-èdè Niger. Bí kò bá dá ìrìn rẹ̀ dúró, yóò tún bá odò Ọya pàdé ní Niamey, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ náà.

Ní ọdún 1949, wọ́n gbé ilé kan wá sí Niamey. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: mo ní wọ́n gbé e wá. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni kó ẹrù ọjà. Ojú irin tí ó ti Kútọnu wá kò kọjá Parakou nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọjá ibẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé yìí kò nílò ojú irin, nítorí pé ojú ọ̀run ni ó gbà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, ní New York, wọ́n ta àbúrò ilé Niamey yìí ní gbàǹjo, èyí tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró ní Brazzaville. Iye tí wọ́n tà á súnmọ́ mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Láàárín ọdún 1949 àti ọdún 2007, ilé tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí ìjọba amúnisìn rán wá sí Áfíríkà ti di ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn olówó ayé ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Kí ni ìtàn yìí sì kan àwa tí a ń gbé nínú ilé amọ̀ àti ilé páànù ní agbègbè Tchaourou? Mo fẹ́ fi àwọn ilé tí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ṣe wé ara wọn, kí n sì fi wọ́n wé ilé tí àwọn baba wa kọ́, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tí ó mú kí ilé kan dúró sí ibi tí ó wà tí èkejì fi lọ kò sí nínú irin tàbí nínú amọ̀. Ọwọ́ àwọn tí ó mọ bí a ti ń tún un ṣe ni ó wà.

Alágbẹ̀dẹ tí ó di akọ́lé

Jean Prouvé ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 1901 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní ọdún 1984. Nancy, ní agbègbè Lorraine ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni ó dàgbà sí. Victor Prouvé, bàbá rẹ̀, jẹ́ ayàwòrán pàtàkì nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà. Lónìí, gbogbo ìwé ni ó ń ka ọmọ yìí mọ́ àwọn akọ́lé ńlá ọ̀rúndún ogún, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán ilé rí ní ayé rẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́. Ní ìgbà ogun ọdún 1914 sí 1918 ni wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọ bí a ti ń rọ irin, ní ọdún 1924 ni ó sì dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nancy.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí Prouvé fẹ́ fà yọ ni ilé. Ó ti kíyè sí i pé bí a bá ká irin pẹlẹbẹ bí ẹni ká ìwé, yóò le ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní wúwo. Ó fi ọgbọ́n yìí ṣe ilẹ̀kùn, ó fi ṣe àga àti tábìlì àwọn ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni ó fi ṣe ògiri àti òrùlé. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lorraine ni kò ní ibi tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí. Prouvé ṣe ilé kéékèèké fún wọn, ilé tí àwọn ènìyàn díẹ̀ lè tò jọ láàárín àkókò kúkurú, tí wọ́n sì tún lè tú. Ìlú bọ̀wọ̀ fún un gan-an: òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìlú Nancy nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1944.

Lẹ́yìn ogun, ó ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Maxéville, lẹ́bàá Nancy. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àwọn ilé tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Henri, àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ayàwòrán ilé, bá a lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Ilé tí ó wọ inú ọkọ̀ òfuurufú

Ó yẹ kí a rántí bí ayé ti rí nígbà náà. Dahomey àti Niger wà lábẹ́ ìṣàkóso Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Dakar. Brazzaville ní tirẹ̀ ni olú-ìlú Áfíríkà Àárín tí ó wà lábẹ́ Faransé. Òun náà ni olú-ìlú Faransé Òmìnira nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Paris. Ní ọdún 1946, ìjọba Faransé dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FIDES, láti fi ṣe ọ̀nà, èbúté, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ pọ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rán wá láti òkè òkun sì pọ̀ sí i. Ibo ni wọn yóò máa gbé? Sìmẹ́ńtì wọ́n, ọ̀nà sì jìn. Ní ìhà kejì, àwọn tí ń ṣe alumíníọ̀mù ní ilẹ̀ Faransé ń wá ọjà tuntun. Ní ọdún 1949 kan náà ni ilé iṣẹ́ Aluminium Français fi owó sínú ilé iṣẹ́ Prouvé.

Báyìí ni èrò náà ṣe wáyé: kí wọ́n máa ṣe ilé ní Maxéville, kí wọ́n sì máa fi ọkọ̀ òfuurufú kó o lọ sí Áfíríkà. Kí èyí lè ṣeé ṣe, Prouvé fi òfin líle de ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀yà ilé náà tí ó gbọ́dọ̀ gùn ju mítà mẹ́rin lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ká irin kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, kí ènìyàn méjì lè gbé e láìlo ẹ̀rọ. Òpó irin mélòó kan tí ó la ẹnu bí àmúga ni ó ru òrùlé. Alumíníọ̀mù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ọgbọ́n tí ó lò sí ooru ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Àkọ́kọ́ ni òrùlé. Ìpele méjì ni ó ní, àlàfo sì wà láàárín wọn. Oòrùn ń pa ìpele òkè, afẹ́fẹ́ inú àlàfo náà ń gbóná, ó sì ń gba ihò tí ó wà ní ṣóńṣó orí òrùlé jáde lọ. Bí ó ti ń jáde ni afẹ́fẹ́ tútù ń rọ́pò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí inú ilé náà ká, wọ́n sì ta àwọn pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù sí etí rẹ̀, tí onílé lè dà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún kí oòrùn má bàa kan ògiri. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ògiri fúnra rẹ̀: pátákó irin tí a lè tì sí apá kan bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n lu ihò róbótó róbótó sí, tí wọ́n sì fi dígí aláwọ̀ aró dí i kí ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé má bàa mú ojú jù.

Niamey àti Brazzaville

Ilé mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe fún Áfíríkà. Ọ̀kan lọ sí Niamey ní ọdún 1949. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà máa gbé inú rẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Méjì yòókù lọ sí Brazzaville ní ọdún 1951. Àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, afárá kékeré kan sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọ́fíìsì àwọn tí ń polówó alumíníọ̀mù Faransé ní agbègbè náà, èkejì sì jẹ́ ibùgbé ọ̀gá wọn.

Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, ọmọ ìyá ni wọ́n: òpó kan náà, òrùlé onípele méjì kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ tí a kọ́kọ́ rí wà ní ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ilé Niamey dúró lé, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ Brazzaville, nítorí náà wọ́n gbé àwọn ti ibẹ̀ ka orí òpó, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ wọn kọjá.

Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, kò sì hàn lára irin: ojú ọjọ́ ni. Niamey súnmọ́ aṣálẹ̀. Ooru ibẹ̀ gbẹ, eruku ọyẹ́ pọ̀, ọ̀sán máa ń jó ènìyàn, ṣùgbọ́n òru ìgbà ọyẹ́ máa ń tutù. Brazzaville wà nítòsí ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Òjò rẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, ọ̀sán àti òru kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní Brazzaville, ilé tí ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá ni ènìyàn ń wá, ilé Prouvé sì bá ibẹ̀ mu dáadáa. Ní Niamey, ògiri tí ó nípọn ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ooru ọ̀sán, ògiri irin tín-ín-rín kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Eruku pẹ̀lú kò sì mọ pé wọ́n yọ̀ǹda ihò náà fún atẹ́gùn nìkan. Ṣùgbọ́n láti Maxéville, ibi kan ṣoṣo ni Niamey àti Brazzaville jọ: «ilẹ̀ olóoru». Ẹni tí ó ń gbé ní agbègbè Tchaourou, tí ó mọ̀ pé ilé Nikki àti ilé Kútọnu kò lè rí bákan náà, yóò rí àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kíákíá.

Ìdí tí wọn kò fi ṣe ìkẹrin kò ṣòroó sọ. Ilé náà kò dín owó kù: nígbà tí wọ́n ṣírò iye irin, iye iṣẹ́ àti iye ọkọ̀ òfuurufú, kò dínwó ju ilé tí wọ́n lè fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kọ́ sí ibẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé pẹ̀lú kò fẹ́ràn ìrísí rẹ̀. Ojú ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó, ilé tí ó jọ ilé ni wọ́n sì ń fẹ́. Ní ọdún 1953, aáwọ̀ láàárín Prouvé àti àwọn tí ó ni owó dé góńgó, ó sì fi Maxéville sílẹ̀. Ibi iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilé tí alágbẹ̀dẹ kọ́ fún ara rẹ̀

Ilé tí Prouvé kọ́ fún ara rẹ̀ ní Nancy ní ọdún 1954 ni mo fẹ́ kí ẹ fi wé àwọn ti ìṣáájú. Ó ra ilẹ̀ kan lórí òkè tí ó dà gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ tí àwọn mìíràn rò pé kò ṣeé kọ́lé sí. Kò ní ilé iṣẹ́ mọ́. Ó ṣa àwọn ẹ̀yà tí ó kù sílẹ̀ ní Maxéville jọ: pátákó kan láti ibí, òpó kan láti ọ̀hún. Lára wọn ni àwọn pátákó alumíníọ̀mù oníhò róbótó, irú èyí tí ó ti lọ sí Áfíríkà. Òun, aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n jọ tò ó ní ìgbà ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn. Ohun tí a ń pè ní ọ̀wẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe.

Ilé náà gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Àpótí aṣọ àti ìwé ni wọ́n fi ṣe ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, iwájú rẹ̀ sì kọ sí oòrùn, nítorí pé òtútù ni ọ̀tá ní Nancy. Inú rẹ̀ ni Prouvé gbé títí ó fi kú ní ọdún 1984. Ilé náà wà níbẹ̀ di òní. Ìjọba Faransé ti kà á mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò, ìlú Nancy sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ilé Niamey jẹ́ odindi, ó pé, ó gún, ọlọ́wọ́ọ̀ṣà ni ó ṣe é. Ilé Nancy jẹ́ àkójọ àjẹkù. Ẹni tí yóò gbé inú ti Niamey kò sọ̀rọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn tí yóò gbé inú ti Nancy ni wọ́n gbé irin rẹ̀ lé èjìká. Bí ìdè kan bá já ní Niamey, Maxéville ni oògùn rẹ̀ wà, Maxéville sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bí ìdè kan bá já ní Nancy, onílé ni ó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àjẹkù fi dúró, tí odindi sì fi rin ìrìn àjò padà.

Àjà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹni tí ó ti wọ ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa rí yóò ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo ń ṣàlàyé òrùlé onípele méjì. Kí ni àjà? Àwọn baba wa a tẹ́ igi sí orí ògiri, wọn a sì rẹ́ amọ̀ lé e kí ó nípọn. Lókè àjà yìí ni òrùlé koríko wà, àlàfo sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Koríko ni ó ń gba oòrùn àti òjò, afẹ́fẹ́ inú àlàfo ni ó ń gba ooru, amọ̀ àjà ni kò sì jẹ́ kí èyí tí ó kù sọ̀kalẹ̀ sórí ẹni tí ó sùn. Bí iná bá mú koríko, àjà náà ni yóò gba ẹrù ilé là. Ohun tí alágbẹ̀dẹ Nancy fi alumíníọ̀mù ṣe ní ọdún 1949, ó ti pẹ́ tí ó ti wà nínú ilé alájà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Etí òrùlé tí ó gùn wálẹ̀ kò jẹ́ kí oòrùn kan ògiri, kò sì jẹ́ kí òjò wẹ ẹsẹ̀ ògiri lọ. Níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń ṣa ẹ̀wà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Prouvé ń lé oòrùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa ń lé oòrùn, ó sì tún jẹ́ ààyè fún gbogbo agbo ilé.

Ògiri amọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ọ́n. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dọ́gba, wọ́n á mọ ìpele kìn-ín-ní, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri yóò wó lé e lórí. Nítorí pé ògiri yìí nípọn, ó máa ń pẹ́ kí ooru ọ̀sán tó gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí yóò bá fi dé inú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, atẹ́gùn òru sì ti dé láti gbé e lọ.

N kò sọ èyí kí a lè fi Prouvé ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, ó sì ronú nípa ooru ilẹ̀ wa ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́lé síbẹ̀ lọ ní àkókò rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè kan náà ni òun àti àwọn mọlémọlé wa dáhùn, ìdáhùn wọn sì pàdé ní ọ̀nà méjì nínú mẹ́ta. Ó dùn mí pé ìwé tí ń yin ìdáhùn tirẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ rẹ́ àjà.

Bí àwọn ilé náà ṣe lọ

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira ní ọdún 1960, àwọn ilé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílé tuntun. Ìpẹtà mú irin, àwọn ẹ̀yà kan sọnù. Nígbà ogun abẹ́lé tí ó jà ní Brazzaville ní ọdún 1997, ìbọn lu ihò sí wọn lára. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ kan láti Paris, Eric Touchaleaume, wá wọn kàn. Ó bá àwọn tí wọ́n wà lọ́wọ́ wọn dúnàádúrà, ó sanwó, ó tú wọn, ó sì kó wọn padà sí ilẹ̀ Faransé fún àtúnṣe.

Láti ìgbà náà, ilé tí kò rí ìkẹrin rẹ̀ wá di àwòyanu. Robert Rubin, ará Amẹ́ríkà, ra ọ̀kan nínú àwọn ti Brazzaville. Ó tún un ṣe, wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Yunifásítì Yale, lẹ́yìn náà ó fi í ta Centre Pompidou ní Paris lọ́rẹ. Èkejì ni wọ́n tà ní gbàǹjo Christie's ní New York ní ọdún 2007 fún André Balazs, olówó ilé ìtura kan. Ní ọdún 2008, wọ́n tò ó sí iwájú Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù kí àwọn ènìyàn lè wá wò ó. Ní àkókò kan náà, Ângela Ferreira, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Mozambique, lọ sí Niamey àti Brazzaville láti ya fọ́tò ohun tí ó kù. Ìpìlẹ̀ lásán ni ó rí. Manthia Diawara, ọmọ Mali, bá a lọ, ó sì ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Nínú fíìmù náà ni a ti gbọ́ ohùn àwọn tí ó ń gbé ní àyíká àwọn ilé wọ̀nyí, ohùn tí gbàǹjo kò bèèrè.

Ṣé olè ni wọ́n jà? Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn máa fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà sí ilẹ̀ Benin láti Paris. Lára wọn ni ìtẹ́ àti ilẹ̀kùn ààfin Abomey wà. Ogun ni àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Dodds fi kó wọn lọ ní ọdún 1892. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Ilé Prouvé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, owó ni wọ́n fi rà á, àwọn tí ó kó o lọ sì ń sọ pé bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ àwọn, ìpẹtà ì bá ti jẹ ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, iye tí wọ́n san fún onílé ní Áfíríkà àti iye tí gbàǹjo mú wá kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ohun tí ó mú kí ilé náà níye lórí ní New York ni pé ó ti gbé Áfíríkà, Áfíríkà fúnra rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan fi pè ní tirẹ̀ nínú rẹ̀ ju ìpìlẹ̀ sìmẹ́ńtì lọ. 

Kí ni ó kù fún wa?

Ẹnikẹ́ni kò lè tú ilé amọ̀ Tchaourou kí ó kó o wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èyí lè mú kí ọkàn wa balẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ. Ilé irin lè lọ, kí ó sì tún dìde ní ibòmíràn. Ilé amọ̀ tí a bá pa tì yóò padà di ilẹ̀, kò sì ní fi ẹ̀yà kan sílẹ̀ tí ọmọ ẹni lè ṣà jọ. Òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó fún un.

N kò sọ pé kí a fi páànù sílẹ̀ kí a padà sí abẹ́ koríko. Abẹ́ páànù ni èmi pẹ̀lú ń sùn. Koríko ń jóná, ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, koríko tí ó dára sì ti ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n a ti gba páànù, a sì ti ju àjà nù, bẹ́ẹ̀ ni a ń pa owó pọ̀ láti ra ooru. Abẹ́ páànù tí kò ní àjà ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ní oṣù kẹta, ojú wọn máa ń rẹ̀ kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Nígbà tí òjò bá sì dé, ariwo rẹ̀ a bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀, a ó sì jókòó láti máa wo ara wa títí yóò fi dá. Ilé Niamey àti ilé àwọn baba wa ń sọ ohun kan náà fún wa: fi àlàfo sáàárín òrùlé àti orí ènìyàn, kí o sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ gbígbóná láti jáde. Mọlémọlé wa lè ṣe é pẹ̀lú igi, pátákó tàbí ẹní, kò sì nílò Maxéville.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àjọ UNESCO ti kọ àwọn ààfin Abomey sínú ìwé ogún ayé láti ọdún 1985. Ní ọdún 2023, ó fi apá Benin kún Koutammakou, ilẹ̀ àwọn tí ń kọ́ ilé alámọ̀ olókè, èyí tí apá Togo rẹ̀ ti wà nínú ìwé náà láti ọdún 2004. Ilé abúlé wa kò ní dé ibẹ̀, kò sì di dandan kí ó dé ibẹ̀. Ohun tí ó di dandan ni kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ní ìgbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wá ilé alámọ̀ kan tí ó dàgbà jù ní agbo ilé rẹ̀ tàbí ní abúlé ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ ti Nàgó, ti Baatonu tàbí ti ẹ̀yà mìíràn. Kí ó fi okùn wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí ó wọn bí ògiri rẹ̀ ti nípọn tó, kí ó ya àwòrán rẹ̀. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹni tí ó mọ ọ́n, ọdún tí wọ́n mọ ọ́n, àwọn tí ó wá sí ọ̀wẹ̀ rẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè wọn. Kí ó kó o wá fún ẹgbẹ́ wa ní Yorùbá àti ní Faransé. Àwọn àgbà tí ó mọ ìdáhùn ṣì wà láàyè ní ọ̀pọ̀ abúlé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́, òjò ọdún yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀.